Kí a tó fún ọmọ ní òdo, ẹ jẹ́ ká wo aago kọ̀ǹpútà

Láti Glei, lẹ́bàá Atakpamé, ni mo ti ń kọ̀wé sí ẹ̀yin ará wa ní Nàìjíríà àti ní Benin.

Wọ́n kó kọ̀ǹpútà Linux wá fún wa níléèwé. A ní kí àwọn ọmọ fi iṣẹ́ wọn pamọ́ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Nígbà tí a wo fáìlì, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní fichier, ti ọmọbìnrin kan fi 10:52 hàn. Olùkọ́ kan ní òdo ni yóò gbà. Ọmọ náà ń sunkún pé òun ti parí tipẹ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní kí a gbọ́ tẹnu kọ̀ǹpútà náà dáadáa.

Mo tẹ *date*. WAT ni mo rí níbẹ̀. Aago Èkó nìyẹn! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá ti Tógò wọ Benin, wákàtí kan la ó fi kún aago ọwọ́ wa. Mo tẹ *sudo timedatectl set-timezone Africa/Lome*, mo tún wo fáìlì náà: 9:52. Ọmọ gba máàkì rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Unix kì í kọ "aago mẹ́wàá" sára fáìlì. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970, ní aago Greenwich, ló ń kọ. Ìgbà tí a bá fẹ́ wò ó ló tó ń ṣírò rẹ̀ sí aago ìlú tí wọ́n yàn fún un.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ìlú ni wọ́n ṣì yàn, ẹ má fọwọ́ fa aago sẹ́yìn o. Bí ẹ bá fà á, gbogbo fáìlì tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn ìyẹn yóò fi wákàtí kan dín ní tòótọ́. Ìlú ni kí ẹ tún yàn.

Àìsàn kejì ló le. Bátìrì kékeré CR2032 ti kú nínú méjì lára wọn. Bí iná bá ti lọ, ọdún àtijọ́ ni wọ́n ń padà sí. Iye tí irú wọn bá kọ kò tọ́ láti ìpìlẹ̀, yíyan ìlú kò sì lè wò ó sàn. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ tún aago ṣe, kí ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ Kétu àti Ṣakí, ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Ẹ sọ fún wa o.