Bí A Ṣe Ṣàlàyé Síkì fún Ìyá Mi

"Níbo ni wọ́n ń pè ní Síkì? Ṣé ó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù?"

Ìbéèrè tí ìyá mi bi àkọ́bí mi lórí fóònù nìyẹn, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ náà, ẹni ọdún 13, ti fi Yorùbá rẹ̀ tí ń tiro sọ fún un pé, "Màmá Àgbà, a fẹ́ lọ síkì." Ìyá mi rò pé ìlú ni. Ọmọ wò mí lójú, ó na fóònù sí mi, ó ní, "Dádì, ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo gba fóònù náà pẹ̀lú ìgboyà olùkọ́. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní èdè wọn ní ọjọ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù, n kò sì rò pé ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè ṣàlàyé fún ìyá tó bí mi. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Kí ni ẹ ó pe ohun funfun tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ní ilẹ̀ òtútù? Ọ̀pọ̀ wa ló ń pè é ní yìnyín. Ṣùgbọ́n yìnyín tí ìyá mi mọ̀ ni èyí tí ń bá òjò rìn, tí ń dún lórí páànù, tí àwa ọmọdé máa ń sáré ṣà jẹ kí ó tó yọ́. Bí ó bá ba ènìyàn lórí, yóò mọ̀ pé nǹkan bà á. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀: wọ́n fi yìnyín sílẹ̀ fún èyí tí ń dún lórí òrùlé, wọ́n sì pe èkejì ní òjò dídì. Mo yìn wọ́n. Síbẹ̀, òjò dídì kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ohun tó bá dì a máa le, èyí kì í sì í le nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ̀gbọ̀n òwú ló jọ, kì í dún rárá. Ó di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí tí oòrùn bá yọ́ ọ díẹ̀ tí òtútù òru sì tún mú un, kí ó tó le bí òkúta. Gbogbo èyí ni mo ń rò nígbà tí ìyá mi ń pariwo "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a pè é padà ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé èmi gan-an kò fẹ́ lọ. Ọdún kẹrin nìyẹn tí a kò tí ì délé. Owó tí a ń tù jọ, ti Kérésìmesì ní Ìdànrè ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi ṣírò owó ọkọ̀ òfurufú ènìyàn mẹ́rin lọ sí Èkó nínú oṣù Kejìlá, ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọ̀sẹ̀ kan lórí òkè Nọ́rwèy dọ́gba, oúnjẹ, ibùsùn àti ẹ̀kọ́ síkì àwọn ọmọ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ gbọ́. Ẹni tó bá ti bí ọmọ mọ ohun tó tẹ̀ lé e.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú àwáwí tí gbogbo bàbá ilẹ̀ wa mọ̀: mo ní síkì kì í ṣe ti wa. Àkọ́bí mi lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì padà wá bá mi pẹ̀lú Samuel Ikpefan, tó fi síkì sáré fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù tó wáyé ní Beijing lọ́dún 2022. Ó tún fi àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ ṣojú Nàìjíríà nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní PyeongChang lọ́dún 2018 kún un, àwọn tó gun ọkọ̀ orí yìnyín. Ó ní, "Dádì, Seun Adigun àti Simidele Adeagbo, ṣé orúkọ Yorùbá kọ́ ni?" Mo ní orúkọ Yorùbá ni. Mo lọ pọn omi mu.

Geilo ni a mú. Ó wà láàrin Oslo àti Bergen, lórí ojú irin tí wọ́n ṣí lọ́dún 1909, kò sì sí ìdí fún wa láti wa mọ́tò lórí ọ̀nà tó ń yọ̀. Ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wa láti Oslo débẹ̀ láàrin wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ibùdókọ̀ rẹ̀ wà ní gíga 794 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Mo wo iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì. 3,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sábà máa ń pe gíga òkè Ìdànrè, èyí tí kò ju 914 mítà lọ. Ibi tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Geilo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí òkè wa, kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. A mú ọ̀sẹ̀ ìsinmi inú oṣù Kejì nítorí ilé ìwé, àti nítorí ìmọ́lẹ̀: ní ìparí oṣù Kejìlá, ojúmọmọ ibẹ̀ kò tó wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ní àárín oṣù Kejì, ó tó nǹkan bí mẹ́sàn-án. Ní ti aṣọ, a kẹ́kọ̀ọ́ pé kí òwú má kan ara, nítorí pé òwú a máa gba òógùn mọ́ra, òógùn náà a sì di omi tútù sí ènìyàn lẹ́yìn. Irun àgùntàn ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́.

Ó ku ìwé ìrìnnà. Ti ìyàwó mi àti ti àwọn ọmọ jẹ́ ti Bìrìtìkó, wọn kò nílò físà. Tèmi aláwọ̀ ewé ni. Nọ́rwèy kò sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wà nínú àdéhùn Schengen, nítorí náà mo ní láti san Yúrò 90, kí n ra ìwé adójútòfò tí kò gbọdọ̀ dín sí Yúrò 30,000 fún ìtọ́jú àìsàn, kí n kó ìwé ilé ìfowópamọ́ àti ti ibi iṣẹ́ jọ, kí n sì tẹ ìka. Kí n má purọ́ fún yín: inú mi dùn díẹ̀. Mo rí ihò tí mo lè gbà jáde. Bí físà bá pẹ́, wọn a lọ, èmi a jókòó sílé. Bí ìyá mi bá sì sọ pé òun kò fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí pátápátá. Mo gbáradì fún ìpè ọjọ́ Àìkú náà bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dá òun lẹ́bi.

Mo ní, "Màmá, ẹ rántí òjò dídì inú Bíbélì?" Ó ní òun rántí. Mo ní ó máa ń bo òkè Nọ́rwèy fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn ará ibẹ̀ sì ń la igi sí pẹlẹbẹ, wọ́n ń so ó mọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ wọn má baà rì, kí wọ́n sì lè máa yọ̀ lọ.

"Ta ló ń lé wọn?"

Mo ní ẹran ni wọ́n ń lé nígbà náà. Ọdẹ ni wọ́n. Mo sọ fún un pé igi lílà gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú èdè àtijọ́ wọn, àti pé ní erékùṣù Rødøy, ẹnìkan ti gbẹ́ àwòrán ènìyàn lórí síkì sára àpáta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Mo sọ ti Sondre Norheim, tálákà ará Morgedal tí wọ́n bí lọ́dún 1825, ẹni tó fi ẹ̀ka igi rírọ̀ lọ́ okùn yí gìgísẹ̀ ká, kí síkì má baà bọ́ nígbà tó bá fò. Láti ọwọ́ irú wọn ni iṣẹ́ ọdẹ ti di eré. Mo ní ó kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1884, ó sì kú síbẹ̀ lọ́dún 1897.

"Wọn ò gbé òkú rẹ̀ wálé?"

Mo ní wọn kò gbé e wálé. Ìyá mi pòṣé.

Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń dúró. Mo ní wọn a fi ẹnu igi méjèèjì sún mọ́ra, wọn a ya ìdí wọn síra, eré a sì dín kù. Ó béèrè bí ẹni tí kò tí ì mọ̀ ọ́n ṣe ń gun òkè pẹ̀lú irú igi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wọn: wọn a dúró ní ìbú òkè, wọn a máa gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá òun ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ìdànrè nígbà òjò, nígbà tí àpáta bá ń yọ̀, pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn, kí gbogbo ìlú tó kó wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dojú kọ ìsàlẹ̀ gbọnrangandan, orí ni yóò fi dé ilé. N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Mo ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún 19.

"Bí ẹ̀rù bá ba ẹnìkan lókè ńkọ́?"

Mo ní àwọn ará Nọ́rwèy ní òfin òkè tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ wọn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé kí ènìyàn tètè yí padà, pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó ní, "Wọ́n gbọ́n." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ni ìwọ máa padà?"

N kò mọ̀ bóyá òkè ló ń sọ tàbí ilé, n kò sì bi í.

Èmi àti ìyàwó mi jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, a gé ọjọ́ méje Geilo sí mẹ́rin. A yọ ilé onígi tó lójú síta kúrò, a mú yàrá kan. Owó tó kù, a fi ṣe ìdá kan nínú owó ọkọ̀ lọ sílé nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò yóò ti sọ àpáta Ìdànrè di ohun tí ń yọ̀. Mo kọ̀wé fún físà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tí ì dá mi lóhùn.

Àkọ́bí mi ti lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì, ó pè é ní ọ̀rọ̀ tí a ó nílò: òjò dídì, ìbọ̀wọ́, akoto, gìgísẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Àlàfo kan ló ṣófo, ti àga tí okùn irin ń fà lọ sókè. Ó pe ìyá mi fúnra rẹ̀ láti bi í. Ìyá mi rò ó díẹ̀, ó ní kí ó kọ agbénigòkè. Ó kọ ọ́. Ìyá mi ní, èyí tó ń gbé ni sọ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é? Ọmọ náà ní, "Màmá Àgbà, kò sí. Àwa fúnra wa la máa sọ̀."

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí ó gbé fóònù fún mi.