Ẹyin Tó Ní Ẹ̀gún Nídìí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, orúkọ lásán a máa dá kún ìyà aláìsàn. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ajá làwa Yorùbá ń pè é. Kò kan ajá, kò sì kan àtọ̀sí tí èèyàn ń kó lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará ilé bá ti gbọ́ "àtọ̀sí", ó parí náà nìyẹn!

Ohun tójú àbúrò mi obìnrin rí nìyẹn ní abúlé wa, lágbègbè Èjìgbò. Ọmọ ọdún 13 ni. Odò ló ti ń pọnmi, ibẹ̀ náà ló ti ń fọṣọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, àǹtí wa kan bi í pé, "Ọkùnrin wo ló bá ẹ sùn? Màá pe bàbá ẹ ní Àbíjàn!" Ọmọ sunkún títí, kò rẹ́ni gbà á gbọ́.

Màmá wa ló ní ká lọ ṣàyẹ̀wò. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, torí ìgbà yẹn ni ẹyin aràn náà máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù. Ọ̀gá tó ń ṣàyẹ̀wò ní kí n wá wò ó. Mo di ojú kan, mo fi ìkejì wò ó. Ẹyin rèé! Ó rí bíi hóró ìrẹsì, ẹ̀gún ṣóńṣó kan wà nídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò gùn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà.

Ọ̀gá ní Schistosoma haematobium lorúkọ aràn tó yé e. Dókítà ará Jámánì, Theodor Bilharz, ló rí aràn náà ní Cairo lọ́dún 1851. Orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n fi pe àìsàn náà ní bilharzia. Inú ìgbín kékeré odò lọmọ aràn ti ń jáde, á gba awọ ara ẹni tó wọ omi wọlé. Tó bá dàgbà tán, á máa yé ẹyin sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká.

Màmá wa náà wò ó. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n fún un ní praziquantel, ẹ̀jẹ̀ dá. Àǹtí wa ò tíì sọ "má bínú" títí dòní.

Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ kan, tí ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, kọ̀wé nípa Schistoscope, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ohun tí wọ́n sẹ́ nínú ìtọ̀, tí kọ̀ǹpútà á sì wá ẹyin inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wù mí kírú rẹ̀ dé abúlé wa, kí omi ẹ̀rọ náà sì dé, torí ẹni tó lo oògùn tó tún padà sódò lè tún un kó.

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìtọ̀ ẹ̀ ná.