Afẹ́fẹ́ Òkun, Ariwo Ilé

Bàbá apẹja kan ní Okun-Ajah, létíkun Èkó, bu iyanrìn ẹ̀kúnwọ́, ó sì ń jẹ́ kí ó máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Iyanrìn náà kò balẹ̀ tààrà. Ó fì sí ọ̀nà ilé, ó sì bà sórí àwọ̀n tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tún ṣe. Bàbá ní, "Ó ti yí." Lóru, ilẹ̀ a máa tutù ju omi lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa ti ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú òkun. Tí oòrùn bá ti mú kí ilẹ̀ gbóná, á ti ojú omi padà wá bá wa. Kí ẹ́ńjìnnì tó dé, afẹ́fẹ́ òru làwọn apẹja fi ń lọ, ti ọ̀sán ni wọ́n fi ń bọ̀.

Mo bi bàbá pé bí wọ́n bá wá ri àwọn fáànù gàgàrà mọ́ inú omi yìí láti fi mú iná wá ńkọ́, bí wọ́n ti ń ṣe lókè òkun. Ó wo ojú omi títí. "Ibo làwa ó ti máa ju àwọ̀n?" Kò béèrè bóyá ó ń pariwo.

*

Ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Obìnrin òyìnbó kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ amúnáwá sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko òun, orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun, oorun sì ti dá lójú òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lórí rẹ̀. Àgbà kan láàárín wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kò tíì sí ibùdó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kankan létíkun wa, síbẹ̀ mi ò lè fi ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ṣeré. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn, ara rẹ̀ kò lè le.

*

Ohun tó ń gba oorun lójú tèmi ní Ajah, mo mọ̀ ọ́n. Àlàfo tó wà láàárín ilé wa àti ti aládùúgbò kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, inú rẹ̀ sì ni jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin wà: tiwa ọ̀kan, tiwọn mẹ́ta. Tí NEPA bá ti mú iná lọ, tí gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún pọ̀, gíláàsì fèrèsé a máa gbọ̀n. Bí mo bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo ń gbọ́ ọ títí dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Lówùúrọ̀ àná, mo fi ìka nu nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, ìka náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Àbíkẹ́yìn mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Inú ariwo ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Tí iná bá dé, tí a pa jẹnẹrétọ̀, ó ṣì ń kígbe bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo jókòó tì í.

LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé: dẹ̀síbẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Mo fi fóònù wọn tiwa lóru ọjọ́ kan. Fóònù kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú rẹ̀ lé ní 70.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ tún burú ju ariwo rẹ̀ lọ. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀, carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ gba ipò atẹ́gùn tí ara nílò. Mélòó la fẹ́ kà nínú àwọn ìdílé tó ti jẹnẹrétọ̀ mọ́lé nítorí olè, tí ilẹ̀ sì mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn?

*

Wọ́n ti wádìí ariwo àwọn fáànù afẹ́fẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Kánádà lọ bá ènìyàn 1,238 tó ń gbé nítòsí wọn, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2014. Wọn kò rí i pé ariwo náà so mọ́ ẹ̀fọ́rí, òòyì, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìróorunsùn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ariwo náà ti ń pọ̀ sí i ló ń ni àwọn ènìyàn lára sí i. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ti Ọsirélíà náà sọ ọ́ ní 2015 pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé ẹ̀rọ yìí ń fa àìsàn. Ẹ̀ka Yúróòpù ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dábàá ní 2018 pé kí ariwo rẹ̀ má kọjá dẹ̀síbẹ̀lì 45, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì lágbára.

Àwọn onímọ̀ kan a máa sọ̀rọ̀ ìnira yẹn bí ẹni pé kò jámọ́ nǹkan, nítorí pé kò sí nínú ìwé àìsàn. Èmi kò gbà. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Netherlands, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, tó ń bá mi lọ síbi gbogbo: àwọn tí owó ń wọlé fún lórí ẹ̀rọ náà ló ń gbé níbi tí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ń ni lára láàárín wọn. Ariwo kan náà, etí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ̀, tí wọ́n sì fún ní ìpín tirẹ̀, ń gbọ́ fáànù tó ń yí. Ẹni tí wọn kò kà sí, ìwọ̀sí ni etí tirẹ̀ ń gbọ́ tọ̀sán-tòru.

*

Lékeléke. Àwọn ọmọ wa ṣì ń nawọ́ sí i pé kó fún àwọn ní funfun èékánná. Ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tó wà ní Lekki, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78, wà lára ibi tí àwọn ẹyẹ kù sí lágbègbè yìí. Apá fáànù ń pa ẹyẹ, ó sì ń pa àdán. Ẹni tó bá fẹ́ ri òpó mọ́lẹ̀ ní ìtòsí ibẹ̀, kó kọ́kọ́ wá dúró nírọ̀lẹ́ fún odindi ọdún kan, kó máa kà wọ́n.

*

Orílẹ̀-èdè wa ní ibùdó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan. Ní Lambar Rimi, ní Katsina, ẹ̀rọ 37 ló dúró níbẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 10. Wọ́n jí ẹnjiníà ará Faransé kan gbé nídìí iṣẹ́ náà ní 2012, iṣẹ́ sì fà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ará Rimi ń wo òpó tí kò yí, wọ́n sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ bíi tiwa.

*

Ẹni tó bá ń bínú pé ará Lekki ń fura sí iṣẹ́ ńlá, kó béèrè ibi tí Maroko wà. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun kó katakata wọ ibẹ̀, wọ́n sì lé nǹkan bí 300,000 ènìyàn jáde. Àwọn ilé olówó ló wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Otodo Gbame tẹ̀ lé e: láàárín 2016 sí 2017, iná àti katakata lé àwọn ará ibẹ̀ tó lé ní 30,000 kúrò létí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ apẹja ni púpọ̀ nínú wọn. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ ní oṣù kẹfà 2017 pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin. Ìdájọ́ náà kò dá ilé ẹnikẹ́ni padà. Tí a bá tún kọjá Sangotedo lọ sí Ibeju, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbọn sí ti di èbúté àti ilé ìfọpo.

Nítorí náà, tí mo bá ka ti ibùdó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ adágún Turkana ní Kẹ́ńyà, kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ̀rọ 365, mẹ́gáwáàtì 310, lórí ilẹ̀ éékà 150,000 tí àwọn darandaran ń lò. Ní oṣù kẹwàá 2021, ilé ẹjọ́ ní Meru sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìwé ilẹ̀ náà kò bófin mu. Àwọn fáànù ti ń yí fún ọdún mélòó kan nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n Taiba N'Diaye náà wà, ní Senegal, kò jìnnà sí etíkun: ẹ̀rọ 46, mẹ́gáwáàtì 158.7, láti 2020. Àárín oko àwọn àgbẹ̀ ni òpó náà dúró sí, wọ́n sì ń ro oko lọ lábẹ́ wọn. Mo fẹ́ iná yẹn fún wa. Mo fẹ́ kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ ilé mi dákẹ́, kí ọmọ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

*

Mo padà sí Okun-Ajah lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá rántí mi. Kò dúró kí n kí òun tán kó tó mú igi kan, ó sì fà á lórí iyanrìn: ibí ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ibí ni wọ́n ti ń fa àwọ̀n, ibí làwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ó ń ka á sókè, èmi náà ń tẹ̀ lé e. Igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́rìnlá. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.