Lẹ́tà sí Mọ́rẹ̀nikẹ́ lórí fọ́tò ajá tí wọ́n pa tì

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ mi,

Bàbá rẹ sọ fún mi pé ajá tí wọ́n pa tì ni o fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. Ó ní ṣé torí ajá ni òun ṣe ń san owó ilé-ìwé ní London. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Má wulẹ̀ dá a lóhùn.

Ìbéèrè tí ìwọ fúnra rẹ bi mí ló jẹ mí lógún: ṣé irọ́ kọ́ ni, kí èèyàn lọ yá ajá tó ń jẹun yó nílé ẹni tó ni ín, kó mú un lọ sẹ́bàá títì, kó wá yà á bí èyí tí wọ́n já jù sílẹ̀?

Ọmọ mi, iṣẹ́ sítúdíò tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ìtò ni. Láyé ijọ́un, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá wọn á mú èyí tó kù wá. Ayafọ́tò á yà á lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sórí pépà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, ọmọ náà á wọ aṣọ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, á wọ ti obìnrin lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ilé náà.

Ní London tí o wà yẹn, Dókítà Barnardo tó ń kó àwọn ọmọ aláìnílé jọ máa ń ya ọmọ kan ní méjì: àkísà nínú èyí àkọ́kọ́, aṣọ tó mọ́ nínú ìkejì. Ó ń ta káàdì wọn láti fi kówó jọ. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ya aṣọ mọ́ àwọn ọmọ lára kí ìyà lè hàn. Nígbà tí àwọn onílàjà gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1877, wọ́n dá a láre nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n wọ́n bẹnu àtẹ́ lu irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ìyà kúkú ń jẹ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn! Òótọ́ wà nílẹ̀, wọ́n wá fi àkísà bò ó. Nítorí náà, kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ, kó hàn ketekete, pé ajá yìí nílé, ìwọ lo tò ó.

Wá iṣẹ́ ayafọ́tò Martin Usborne rí, ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ *The Silence of Dogs in Cars*. Wọ́n fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò nígbà kan tó wà ní kékeré, ó sì ń rò ó bóyá ẹnikẹ́ni á padà wá. Nígbà tó dàgbà, ó wá mọ́tò, ó wá ajá, ó tan iná sí wọn, ó dúró síta gíláàsì yà wọ́n. Kò sí egbò níbẹ̀, kò sí egungun ìhà tó yọ síta. Ìdúró-deni ló yà, ìyẹn ló sì ń mú ọkàn èèyàn.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Sípéènì, ó ya àwọn ajá ọdẹ tí wọ́n gbà là, àti àwọn ibi tí wọ́n ti máa ń já wọn sílẹ̀ nígbà tí àkókò ọdẹ bá parí. Àwa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́hùn-ún, ajá ń retí fèrè, ọdẹ ni kò fọn ún. Òfin ààbò ẹranko tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2023 yọ ajá ọdẹ sílẹ̀.

Ronú dáadáa lórí ibi tí o máa yàn. Bí o bá ya ajá tó ń dá rìn ní Mọ́kọ́lá, ta ló máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì? Ajá wa ń jáde, ó ń dárí wálé fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, ajá lásán lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀ ti tó.

Ta lo sì ń bá sọ̀rọ̀? Ní 1978, Clarissa Baldwin gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Dogs Trust lónìí, pé ajá wà fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kì í ṣe fún Kérésìmesì nìkan. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣì ń ronú àtirà á ló ń bá sọ̀rọ̀. Má sì ṣe da ẹni tí lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ ajá, tó wá fi omijé gbé e lọ sílé ìtọ́jú, pọ̀ mọ́ ẹni tó já tirẹ̀ sílẹ̀ lóru.

Kí ẹni tó ni ajá wà nítòsí, níbi tí kámẹ́rà kò ti rí i. Bí ajá bá ń yán lemọ́lemọ́, tó ń lá ètè, tó ká ìrù mọ́ abẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn. Má tan fúláàṣì sí i lójú.

Tẹ èyí tó bá dára jù sórí pépà kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ojú mi kò gba ti fóònù mọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.