Ìbọn Pọ́ọ́kú Lè Di Ọ̀wọ́n

Àbúrò mi kan ní Kánádà fẹ́ máa ṣọdẹ, ó sì ti gbàwé àṣẹ. Ìbọn tí ń ki ọta fúnra rẹ̀ ló wù ú, àmọ́ owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó ní SKS lòun á rà, ìbọn sójà Rọ́ṣíà àtijọ́, torí ọ̀pọ̀ ọdẹ ti ń rà á ní pọ́ọ́kú níbẹ̀ tipẹ́.

Mo ní, “Rọra o! Ní 2020, ìjọba ibẹ̀ fòfin de irú ìbọn tó lé ní 1,500. Ní 2024, wọ́n tún fi 324 kún un. Wo òfin kí o tó sanwó. .22 ni kó o rà. Ehoro ló ń pa, kì í ṣe àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ ò wọ́n, wàá lè fi kọ́ṣẹ́ dáadáa.”

Ẹ̀ẹ̀kan là ń ra ìbọn. Ìgbà gbogbo là ń ra ọta. Ẹni tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọta ni kó kọ́kọ́ ṣírò.