Ẹ Jẹ́ Kó Gbé Bàtà Gogoro Náà Sínú Báàgì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Inú mi dùn pé Bùkọ́lá ríṣẹ́ sí Ìkẹjà, pé òun ni yóò máa gba àlejò ní ọ́fíìsì wọn. Àmọ́ nígbà tí ẹ ní síkẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra àti bàtà gogoro lẹ máa fi àjọ oṣù yìí rà fún un, àti pé láti ilé ni yóò ti máa wọ̀ wọ́n jáde kí gbogbo Ṣógúnlé lè rí i, oorun dá lójú mi.

Màmá, ṣé ẹ ti gbàgbé ojú irin PWD ní Ṣógúnlé ni? Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ibẹ̀ ni rélùwéè ti kọlu bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó láti Ìsọlọ̀ lọ sí Aláùsá. Ó kéré tán, ènìyàn 6 ló kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí ẹ fi gbé fóònù lọ́jọ́ náà.

Inú ọkọ̀ làwọn yẹn wà o. Ẹsẹ̀ ni Bùkọ́lá máa fi kọjá ojú irin náà ní ìdájí, nínú síkẹ́ẹ̀tì tí kò ní jẹ́ kó lè gbẹ́sẹ̀ dáadáa, lórí bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín bí ìṣó. Òkúta ló kún àárín irin yẹn. Bí bàtà bá há síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ Bùkọ́lá, kò ní fi bàtà tuntun sílẹ̀ sá lọ. Yóò bẹ̀rẹ̀ ni, yóò máa fà á. Rélùwéè kì í dúró lójijì. Bí awakọ̀ tilẹ̀ rí i, tó tẹ bíréèkì, yóò ṣì sáré jìnnà kó tó dúró.

Mo mọ̀ pé Àǹtí Rísí ló ń tì yín. Àǹtí Rísí kan náà tí Bàbá bá jà torí ó wọ ṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́, tí wọn ò kí ara wọn títí Iléyá fi dé! Òun ló wá ń sọ lónìí pé obìnrin tí kò bá wọ bàtà gogoro kò mọ iyì iṣẹ́.

Níbí náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n dá Nicola Thorp padà sílé láìsanwó ní Lọ́ńdọ̀nù torí ó wọ bàtà pẹlẹbẹ wá gba àlejò. Ó kọ̀wé ẹ̀hónú, àwọn tó lé ní 150,000 fọwọ́ sí i, àwọn aṣòfin sì jíròrò rẹ̀ ní 2017. Síbẹ̀, ìjọba ò ṣòfin tuntun. Nítorí náà, mi ò ní kí Bùkọ́lá bá ọ̀gá jà. Ohun tí wọ́n ní kó wọ̀ ní ọ́fíìsì, kó wọ̀ ọ́ ní ọ́fíìsì.

Ẹ óò ní ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù ló ń pàṣẹ. Òótọ́ ni. Èmi kọ́ ni yóò máa sìn ín dé ojú irin láàárọ̀, ó sì ń dùn mí.

Owó télọ̀ ń bọ̀ lópin oṣù. Kí télọ̀ la síkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi sọ fún un kí ọjọ́ Ajé tó dé: sálúbàtà ni kó fi kọjá ojú irin.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́