Ojú Tó Jọ Ojú Olè

Ẹlẹ́rìí tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀ kì í gbé odindi ojú olè lọ sílé. Àmì díẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù sí i níyè, ìyókù a sì di ohun tó ṣáà bọ́ sí àlàfo náà. Orí èyí ni Steven Clark, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé WITNESS kà, àwòṣe kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ jáde ní 2003. Nínú rẹ̀, ọ̀wọ́ nọ́ńbà ni ojú kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà a da díẹ̀ kọ bó ṣe wà gan-an, a sì fi nọ́ńbà èyí-ó-wù-ó-jẹ́ dí ìyókù.

Ẹ gbé e wá sí Ẹ̀sìteètì Ìbà, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ ní Èkó láàárín 1979 sí 1983, níbi tí ilé ti jọ ara wọn débi pé àlejò a máa kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn. NEPA ti mú iná, ẹnì kan lórí ọ̀kadà já fóònù gbà, ó sá lọ. Fìlà àti èjìká nìkan ni ẹlẹ́rìí rí. Bí ọlọ́pàá bá to ènìyàn mẹ́fà síwájú rẹ̀, tí olè ò sí níbẹ̀, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ jọ ọ́ ju àwọn yòókù lọ. Kọ̀ǹpútà a wo bí ẹni náà ti jọ ìrántí tó, a tún wo bó ṣe fi ẹni kejì sílẹ̀ tó. Bí àpapọ̀ méjèèjì bá kọjá ààlà kan, ó mú un. Bí kò bá kọjá, ó ní kò sí níbẹ̀.

Ààlà yìí ni gbogbo wàhálà. “Wò ó dáadáa” lẹ́nu ọlọ́pàá ti tó láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ẹlẹ́rìí á tètè mú olè, á sì tètè mú aláìṣẹ̀, láìparọ́ rárá. Ní 1985, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Rod Lindsay àti Gary Wells, dábàá pé kí a máa fi àwọn tí a tò hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣìmú dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, John Wixted àti Laura Mickes, jiyàn lẹ́yìn náà pé ààlà ló ga sí i, ojú kọ́ ló mú sí i.

Ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlànà Turnbull, tó wá láti inú ẹjọ́ kan ní Ìlú Ọba ní 1976: báwo ni ìmọ́lẹ̀ ti rí? Báwo ni ẹlẹ́rìí àti olè ti jìnnà síra tó? Ṣé ẹlẹ́rìí ti mọ̀ ọ́n rí? Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ bí ìrántí ṣe wọlé ni púpọ̀ nínú wọn ń wá, kì í ṣe bí ààlà ṣe rí nígbà tí ẹlẹ́rìí mú ẹnì kan. Ní Òkokòmáìkò, ní Èkó náà, níbi tí èrò ti ká ẹnì kan mọ́ títì, tí wọ́n ń bi ẹlẹ́rìí pé “Ṣé òun nìyí?”, kò sí ẹni kejì tí a lè fi wé e, èrò sì ti fa ààlà náà lulẹ̀. Bí ẹjọ́ bá fi dé kóòtù, ojú ẹni tí èrò mú ni ẹlẹ́rìí yóò máa rántí.